"Ìsọewìdorin" kọ́: "sọ…di" yẹn ló ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́

Ẹ̀gbọ́n, mo kí yín o. Ẹ ní kí á máa pe iṣẹ́ ẹni tí ó mú ewì tí gbogbo ayé fẹ́ràn, tí ó fi kọ orin fún ẹgbẹ́ akọrin, ní "ìsọewìdorin". N kò gbà. "Sọ…di" ni mo ń bá jà. Ẹni tí ó sọ ọ̀rẹ́ di ọ̀tá kò ní ọ̀rẹ́ mọ́. Ẹni tí ó sọ igbó di ìlú, igbó ti lọ. Ṣé ewì kú kí orin tó dé ni? Ẹ má fi "ìsọdọ̀tun" dá mi lóhùn: ogbó ló lọ níbẹ̀, nǹkan náà ṣì wà.

"Ìfewìkọrin" ni mo fọwọ́ sí. Ẹ ní "fi" ti sọ ewì di irinṣẹ́. Rárá o. A ń fi àdìrẹ rán bùbá, ọnà ara àdìrẹ kò sì parẹ́. Télọ̀ ni yóò wo ibi tí ọnà gbà kí ó tó gbé sísọ́ọ̀sì.

Ẹ wo ìlà J. F. Ọdúnjọ tí ọmọ iléèwé gbogbo mọ̀: "Iṣẹ́ loògùn ìṣẹ́." Sílébù méje ni, ohùn rẹ̀ sì ni re mí re dò dò dò mí. Lórí sol-fa, ìyẹn nóòtì orin tí a fi lẹ́tà kọ (d fún dò, r fún re, m fún mí): r m r d d d m. Sílébù kẹfà ni wàhálà wà. Akọrin-sílẹ̀, ẹni tó ń kọ nóòtì orin sínú ìwé, á rò pé d mẹ́ta léra wọn ti sú etí, á gbé ìkẹfà sí r. Ó parí! "Iṣẹ́ loògùn iṣẹ́" ni wọ́n ń kọ yẹn. Nóòtì kan péré, òṣì ti jáde nínú ewì. Bí ó bá fẹ́ ìyàtọ̀, kí ó sọ ìkẹfà kalẹ̀ sí l (la) tó wà nísàlẹ̀ d, kí ó sì fi r-m yọ́ gun "ṣẹ́", nítorí ohùn òkè tó tẹ̀ lé ohùn ìsàlẹ̀ máa ń gòkè díẹ̀díẹ̀ ni.

Orin ohùn mẹ́rin, soprano àti alto (ohùn obìnrin, òkè àti ìsàlẹ̀), tenor àti bass (ti ọkùnrin, òkè àti ìsàlẹ̀), ló tún le jù. Bí soprano bá ń sọ̀ kalẹ̀ tí bass ń gòkè, bí ìwé òyìnbó ti kọ́ wa, ọ̀rọ̀ mìíràn ni bass ń pè. Kí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gòkè sọ̀ kalẹ̀ pọ̀, tàbí kí soprano àti tenor mú ọ̀rọ̀, kí alto àti bass pa ẹnu dé, kí wọ́n máa kùn. Orin kan náà fún ẹsẹ gbogbo kò sì ṣeé ṣe, nítorí ohùn ẹsẹ kejì kì í ṣe ti àkọ́kọ́. Ohun tó ṣe ìwé orin ìsìn tí a túmọ̀ sórí orin òyìnbó nìyẹn.

Ẹ ní olùkọ́ èdè ni yín; mo bọ̀wọ̀. Ṣùgbọ́n Ẹkúndayọ̀ Phillips, tó wà nídìí dùùrù Cathedral Church of Christ, Marina, Èkó, láti 1914 sí 1962, ti kọ ọ́ sínú ìwé ní 1953 pé ohùn ọ̀rọ̀ ni orin Yorùbá ń tẹ̀ lé. Irú àgbà bẹ́ẹ̀ ti wọ́n lónìí.

Àbúrò tó ní "kọrin" yóò da akọrin pọ̀ mọ́ ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀, tó wá dábàá "ìfewìṣorin": "ṣe" yẹn kò mú nóòtì kankan dání. N kò tíì gbà fún ọ.

Ẹni tó sì ní àmì ohùn ń dí ojú ìwé orin, kí á yọ ọ́: ẹ tẹ "ise loogun ise" fún akọrin tí kò gbọ́ Yorùbá dáadáa, kí ẹ wá sọ èwo ni iṣẹ́, èwo ni ìṣẹ́.