Àbọ̀ lórí fstab tí mo bàjẹ́: ó ti yanjú

Ẹ ṣé gan-an, gbogbo ẹ̀yin tí ẹ dá mi lóhùn. Kọ̀ǹpútà náà ti padà sípò, fáìlì kankan ò sì sọnù.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: mo pa ìlà méjì rẹ́ nínú /etc/fstab (fáìlì tó ń sọ fún Linux àwọn dísíìkì tó máa ṣí àti ibi tó máa so wọ́n mọ́): ìlà ti / (ibi tí Linux fúnra rẹ̀ wà) àti ti /home (fódà tí fáìlì àwọn aṣàmúlò wà). Mo rò pé wọn ò wúlò. Láti ìgbà náà, Linux ń tàn, àmọ́ kò gbà kí n kọ ohunkóhun sórí dísíìkì.

Ìlà ti / ló fa ìyẹn. Kernel (ọkàn Linux) lè rí dísíìkì náà láìsí fstab, torí GRUB (ètò tó ń tan Linux) ti fi root= júwe rẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n fún kíkà nìkan ló ṣí i. Ìlà inú fstab ló yẹ kí systemd (ètò tó ń bẹ̀rẹ̀ àwọn iṣẹ́ yòókù lẹ́yìn kernel) tẹ̀ lé láti tún un ṣí fún kíkọ.

Ti /home ló já mi láyà jù. Mo wọlé bíi root (alábòójútó kọ̀ǹpútà), mo bá fódà náà lófìfo! Iṣẹ́ ọdún mélòó! Àṣé gbogbo rẹ̀ wà lórí pátíṣọ̀n (apá kan dísíìkì) tirẹ̀, wọn ò kàn so ó mọ́ /home ni. Ẹ jọ̀ọ́, bó bá ṣe yín bẹ́ẹ̀, ẹ má pa ohun tó wà lórí pátíṣọ̀n kankan rẹ́ (format) o.

Ohun tí mo ṣe: mount -o remount,rw / kí n lè ṣí dísíìkì náà fún kíkọ, lẹ́yìn náà blkid kí n lè rí UUID (àmì ìdánimọ̀) pátíṣọ̀n méjèèjì. Mo kọ àwọn ìlà náà padà, mo fi findmnt --verify yẹ̀ ẹ́ wò, mo tún kọ̀ǹpútà náà tàn. Báyìí, àmì # ni mo ń fi síwájú ìlà tí mo bá ń ṣiyèméjì lé lórí kí Linux lè fò ó, n kì í pa á rẹ́ mọ́.