Àbọ̀ ìrìn àjò Dalton Highway: jíìpù ò já wa kulẹ̀ o

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ará. Ẹ ó rántí pé mo béèrè bí mo ṣe máa tún jíìpù four-wheel drive wa ṣe kó lè gba Dalton Highway ní Alaska nínú òtútù, láti apá Fairbanks dé Deadhorse. A ti lọ, a ti bọ̀, kò sí láburú.

Ohun tó gbà wá jù ni block heater, ẹ̀rọ tó ń fi iná ẹ̀lẹ́tíríìkì mú ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ọ́wọ́. Lálẹ́ tá a sùn ní Coldfoot, ibùdó kékeré kan lójú ọ̀nà náà, a so ó mọ́ iná, a wé bátìrì náà, nígbà tílẹ̀ mọ́ yìnyín ti bo gíláàsì pátápátá, bọ́nẹ́ẹ̀tì ń dún kẹ̀kẹ̀ bí mo ṣe ń ṣí i, ṣùgbọ́n mo kàn yí kọ́kọ́rọ́ báyìí ló dáhùn! Ẹni tó ní kí n lo 0W-30, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí kì í ki nínú òtútù, Ọlọ́run á bù kún yín o. Ti coolant, omi tó ń tu ẹ́ńjìnnì lára, ìdajì antifreeze (oògùn tí kì í jẹ́ kí omi tètè dì) àti ìdajì omi máa ń gbé e dé nǹkan bíi -37°C kó tó dì, òtútù ibẹ̀ sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, 60% antifreeze ló dáa.

Láti Coldfoot dé Deadhorse, 240 máìlì, kò sí ilé epo kankan, ẹ kún táǹkì kẹ́ ẹ sì gbé kẹ́ẹ̀gì dání. Táyà àfidípò méjì o, ẹyọ kan ò tó rárá. CB radio, rédíò táwọn awakọ̀ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, náà pọn dandan lójú tèmi, channel 19 la ti ń gbọ́ àwọn onítírélà kí wọ́n tó yọ sí wa ní Atigun Pass, ibi tí ọ̀nà náà ti gba orí òkè kọjá.

Mo ti rí ìdáhùn mi, ẹ ṣeun gan-an, mo pa á dé síbí.