"Aláìgbóògùn" kọ́, "aṣòroókápá" ni

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Lórí orúkọ Yorùbá tí à ń wá fún "resistant hypertension", ẹ̀gbọ́n wa dábàá "ẹ̀jẹ̀ ríru aláìgbóògùn", ìyẹn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ṣì wà lókè bí èèyàn tilẹ̀ ń lo oríṣi oògùn mẹ́ta pọ̀, tí oògùn tó ń múni tọ̀ wà nínú wọn, tí wọ́n sì ti lò ó dé ìwọ̀n tí ara lè gbà. Mo mọ ibi tí wọ́n ti mú un, torí gbogbo wa là ń sọ pé àìsàn kan "ò gbóògùn". Ibẹ̀ gan-an lẹ̀rù ti ń bà mí. Létí ìyá àgbà, ohun tí ò gbóògùn ti kúrò lọ́wọ́ dókítà, ó di ti aláàdúrà.

Wọ́n ti sọ fún àbúrò ìyá mi rí pé ẹ̀jẹ̀ ríru wọn ò gbóògùn. Mo ní kí wọ́n kó oògùn wọn wá. Ààbọ̀ ààbọ̀ hóró ni mo bá nínú náílọ́ọ̀nù: wọ́n ń fi abẹ gé e sí méjì kó lè tó wọn lò di ìparí oṣù. Ẹ̀jẹ̀ wo ni ò gbóògùn níbẹ̀ yẹn? Oògùn ni ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ìwádìí kan tó jáde ní Sípéènì lọ́dún 2011 wo 68,045 èèyàn tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ìdá 12.2 nínú ọgọ́rùn-ún ló jọ pé apá oògùn ò ká. Ìgbà tí wọ́n so ẹ̀rọ tó ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́ wọn lápá fún wákàtí 24, ìdá 37.5 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn yẹn ni ẹ̀jẹ̀ wọn ò ga: ojú dókítà ló ń mú un ru.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ò lè tó. Ojúlówó rẹ̀, ẹ jẹ́ ká pè é ní "aṣòroókápá" (ẹ má yọ "ó" àárín yẹn, òun náà ló wà nínú "ó ṣòroó ṣe"). Ohun tó ṣòroó kápá, apá ṣì lè ká a. Ìwádìí PATHWAY-2 ní Britain, 2015, fi í hàn: nígbà tí wọ́n fi spironolactone ṣe oògùn kẹrin, ó wọ ẹ̀jẹ̀ náà wálẹ̀ ju oògùn bisoprolol àti doxazosin lọ. "Olóríkunkun" tí ẹnì kan tún mú wá, aláìsàn ni ọ̀rọ̀ náà máa bá wí.

Èyí tó jẹ́ ìbẹ̀rù dókítà lásán, "aṣòroókápá afarajọ" á tó o. Ṣùgbọ́n ti ààbọ̀ hóró yẹn, mi ò fẹ́ ká kó o mọ́ afarajọ, torí ẹ̀jẹ̀ náà ń ru lóòótọ́. Ẹ bá mi wá orúkọ tirẹ̀.