Príńtà ń ṣiṣẹ́ lórí àkáǹtì mi, ó kọ̀ lórí ti ọmọ mi: ẹ sọ ìrírí tiyín

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ príńtà inú ilé ni mo gbé wá. Ó fìyà jẹ mí fún odindi ọ̀sẹ̀ kan, mo sì fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti ṣe ẹlòmíràn rí.

Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni gbogbo ilé wa ń lò. Àkáǹtì tèmi ni administrator. Ti àwọn ọmọ jẹ́ èyí tí Windows ń pè ní Standard. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, torí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ohun tí a kò mọ orírun rẹ̀ sórí ẹ̀rọ náà. Nígbà tí mo ra príńtà tuntun tó ń tẹ̀wé tó sì tún ń scan, orí àkáǹtì mi ni mo ti tò ó. Mo dán an wò, ó jáde geere, mo gbà pé iṣẹ́ parí.

Lálẹ́ ọjọ́ kejì, ọmọbìnrin mi ní iṣẹ́ ilé-ìwé tó fẹ́ scan. Ó tẹ bọ́tìnì, fèrèsé kékeré kan yọ fìrí lójú kọ̀ǹpútà, ó sì pòórá. Ó pè mí. Mo wọ àkáǹtì tèmi, mo scan ìwé náà, ó ṣe é. Mo wá sọ fún un pé kò tẹ̀ ẹ́ dáadáa ni. Ọ̀rọ̀ yẹn ń dùn mí di báyìí, torí ọmọ náà sọ pé, "Dádì, mo tẹ̀ ẹ́ dáadáa," mi ò sì gbà á gbọ́. Ọjọ́ kẹta ni mo tó jókòó tì í, tí mo fojú ara mi rí i lórí àkáǹtì tirẹ̀. Iná orí príńtà kò tilẹ̀ ṣẹ́jú.

Ohun tó là mí lójú ni pé ìwé ń jáde láti inú Notepad lórí àkáǹtì rẹ̀ kan náà. Kì í ṣe príńtà ló kọ̀ ọ́ nígbà náà, program tó bá príńtà wá ni. Mo gbé Process Monitor sílẹ̀, irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ Microsoft tó ń fi gbogbo fáìlì tí program kọ̀ọ̀kan ń fọwọ́ kàn hàn. Mo fi password administrator ṣí i, mo ní kí ọmọ mi tún tẹ bọ́tìnì. Láàárín ọ̀pọ̀ yanturu ìlà, mo rí i: ACCESS DENIED (a kò gbà ọ́ láyè), léraléra, lórí fáìlì kan ṣoṣo tí program náà fẹ́ kọ ètò rẹ̀ sí nínú Program Files, fódà tí Windows ń kó àwọn program sí.

Àkáǹtì Standard lè ka ohun tó wà nínú Program Files, àmọ́ kò lè kọ nǹkan kan síbẹ̀. Àwọn tó ṣe program yìí ṣe é bí ẹni pé gbogbo ẹni tó bá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ni administrator, bó ṣe rí láyé Windows 98. Láti ìgbà Vista ní 2007, Windows ń bá irú program bẹ́ẹ̀ dọ́gbọ́n sí i: á darí fáìlì náà sínú fódà VirtualStore tí àkáǹtì kọ̀ọ̀kan ní. Ṣùgbọ́n program 32-bit nìkan ló ń ṣe é fún. 64-bit ni tèmi.

Mo lọ sórí fódà kékeré tí fáìlì ètò yẹn wà, mo wọ Properties, mo wọ Security, mo fún Users (ẹgbẹ́ gbogbo àkáǹtì orí ẹ̀rọ náà) ní Modify, ìyẹn àṣẹ láti kọ nǹkan síbẹ̀. Fódà yẹn nìkan o! Mi ò fọwọ́ kan fódà tí program fúnra rẹ̀ wà, torí ẹni tó bá lè pààrọ̀ program tí administrator ń ṣí, òun náà ti di administrator. Àwọn kan ní kí n kúkú sọ ọmọ náà di administrator kí ara lè tù mí. Mi ò gbà. Ọmọ ọdún 14 ni.

*

Ẹ kú wàhálà, sà. Ti bàbá mi ni tèmi. Wọ́n ní ìwé àwọn kì í jáde. Àṣé àkáǹtì kọ̀ọ̀kan ló ní príńtà àkọ́yàn (default printer) tirẹ̀. Mo ti yan èyí tó tọ́ lórí tèmi, Microsoft Print to PDF, èyí tó ń sọ ìwé di fáìlì dípò kó tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, ló wà lórí tiwọn. Tí kọ̀ǹpútà bá béèrè orúkọ fáìlì, wọ́n á kọ ọ́, wọ́n á wá dìde lọ dúró ti príńtà. Mo bá fáìlì 17 nínú Documents wọn. Inú àkáǹtì tiwọn lẹ ti máa yí i padà, kí ẹ sì pa "Let Windows manage my default printer".

*

Ara kọ̀ǹpútà mi ni príńtà tiwa wà, màmá mi sì ń tẹ̀wé láti orí laptop wọn. Kò yọ wá lẹ́nu rárá, àfi bó ṣe di oṣù kẹjọ 2021 tí laptop bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè password administrator. Àtúnṣe Windows ló fà á. Ìparí oṣù kẹfà sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje ni àlébù PrintNightmare lu síta: agbára SYSTEM, tó ju ti administrator lọ, ni Print Spooler (apá Windows tó ń tò iṣẹ́ ránṣẹ́ sí príńtà) fi ń ṣiṣẹ́, ẹni tó bá sì rí ọ̀nà ti driver burúkú (program tí kọ̀ǹpútà fi ń bá príńtà sọ̀rọ̀) sí i nínú, ó ti gba gbogbo kọ̀ǹpútà. Ni Microsoft bá ní administrator nìkan ló lè fi driver sí i. Àwọn kan ń sọ pé kí á yí RestrictDriverInstallationToAdministrators sí 0 nínú registry, ibi tí Windows ń kó ètò rẹ̀ sí, kí ẹni tí kì í ṣe administrator tún lè fi driver sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Mo fi driver kan náà sórí laptop màmá láti àkáǹtì administrator, mo padà sórí tiwọn, kò béèrè nǹkan kan mọ́.

*

Linux lèmi ń lò. Bí wáyà bá yọ lẹ́nu iṣẹ́, CUPS, program tó ń bójú tó príńtà lórí Linux, á dá príńtà dúró. Kódà bí a bá ki wáyà padà, ọmọ tí kò sí nínú ẹgbẹ́ lpadmin, ìyẹn àwọn tó ní àṣẹ lórí príńtà, kò lè jí i. Mo yí error policy láti stop-printer (dá príńtà dúró) sí retry-job (tún iṣẹ́ náà gbìyànjú) ní localhost:631, ojú ewé ètò CUPS nínú browser. Ó tán.

*

Ẹ ṣeun gan-an. Mo lọ wo àkáǹtì àbúrò rẹ̀ lẹ́yìn tí mo ka ti bàbá yẹn: PDF ló wà níbẹ̀ náà, mo ti yí i. Mo sì ti bẹ ọmọbìnrin mi. Ojú ìwé mẹ́ta ló scan fúnra rẹ̀ lálẹ́ àná.