Ẹyin àparò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yé: òmíràn kò ní pupa, òmíràn kò ní èèpo

Olóko Gánmọ̀
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọlọ́sìn Kwara. Àparò 60 ló wà nínú kéèjì, abo 45, akọ 15. Wọ́n ti pé ọ̀sẹ̀ méje, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí yé, ṣùgbọ́n ẹyin wọn kò jọra rárá. Òmíràn kò ju gíráàmù 4 lọ, tí a bá fọ́ ọ, kò sí pupa nínú rẹ̀. Òmíràn funfun báláú, kò ní tó-tò-tó kankan lára. Òmíràn rọ̀ bí awọ. Méjì ní ipa ẹ̀jẹ̀ lára èèpo. Broiler starter, fíìdì ọmọ adìyẹ ẹlẹ́ran, ni wọ́n ṣì ń jẹ. Ẹni tó ń ta oògùn ní kí n fún wọn ní tetracycline, oògùn apakòkòrò àrùn. Ṣé àìsàn ni?

Alhaja Aláparò, Òmù-Àrán
Ẹ kú iṣẹ́, ará Gánmọ̀. Ẹ fi oògùn yẹn sílẹ̀ ná. Ẹyin tí kò ní pupa wọ́pọ̀ lára èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yé: ẹran tín-ín-rín tàbí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ló já bọ́ sí ọ̀nà ẹyin, tí funfun àti èèpo sì yí i ká bíi pé pupa ni. Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, pupa méjì á já bọ́ pọ̀, ẹyin á wá tóbi kọjá bó ṣe yẹ. Méjèèjì ṣeé jẹ. Wọ́n sábà máa ń dínkù láàárín ọ̀sẹ̀ méjì.

Ti funfun báláú yẹn ni kí ẹ fara balẹ̀ wò. Èèpo àparò ń gba nǹkan bí wákàtí 20 kó tó parí, wákàtí mélòó kan tó gbẹ̀yìn ni àwọ̀ tó ń dé. Ọ̀sán sí ìrọ̀lẹ́ ni àparò sì máa ń yé jù. Tí ajá, ọmọdé tàbí ìgbálẹ̀ bá ta wọ́n jí ní ọ̀sán, ẹyin lè jáde kí àwọ̀ tó dé, tàbí kí àparò dá a dúró nínú títí ẹfun á fi bò ó. Torí náà, àárọ̀ ni kí ẹ máa fọ abọ́ omi, kí ẹ sì máa kó ìgbẹ́. Láti aago 12 títí di ìrọ̀lẹ́, ẹ fi wọ́n sílẹ̀.

Alápòpọ̀ Fíìdì, Ọ̀ffà
Òótọ́ ni Alhaja sọ, àmọ́ èyí tó rọ̀ bí awọ, bí ẹ bá rí i lẹ́ẹ̀kan, ẹ gbójú kúrò. Bó bá ń wá lemọ́lemọ́, fíìdì ni. Kálísíọ̀mù, èròjà tó ń mú èèpo le, tó wà nínú broiler starter kò ju nǹkan bí 1% lọ, àparò tó ń yé ń fẹ́ 2.5 sí 3%. Ẹ má sì sáré lọ ra layers mash, fíìdì adìyẹ tó ń yé: kálísíọ̀mù rẹ̀ tó, ṣùgbọ́n purotéènì rẹ̀ tó jẹ́ nǹkan bí 16% kéré sí 20% tí àparò nílò.

Ẹ po kìlógíráàmù 1 sí 1.4 limestone (òkúta ẹfun) lílọ̀ mọ́ àpò kìlógíráàmù 25 starter. Ẹ kọ́kọ́ pò ó mọ́ fíìdì díẹ̀ nínú báàfù kí ẹ tó dà á mọ́ ìyókù, kó má baà jókòó sí ìsàlẹ̀. Àparò kan ń jẹ gíráàmù 20 sí 25 lójúmọ́. Ẹ jẹ́ kí oúnjẹ wà ní abọ́ di alẹ́, torí òru ni èèpo ń dì. Àwọn akọ kò nílò kálísíọ̀mù tó bẹ́ẹ̀; bí àyè bá wà, ẹ ya fíìdì tiwọn sọ́tọ̀.

Dókítà Ẹran, Tánkè
Ipa ẹ̀jẹ̀ lára èèpo: ìdí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là ni. Bó bá ń pọ̀ sí i, ẹ wo iná yín. Ojúmọ́ níhìn-ín kò jìnnà sí wákàtí 12 jálẹ̀ ọdún, àparò tó ń yé sì ń fẹ́ 14 sí 16. Ẹni tó bá fi wákàtí mẹ́rin kún un lójijì ń fipá mú ara tí kò tíì gbó. Kí ẹ máa fi ìdajì wákàtí kún un lọ́sẹ̀ kan ló dára, pẹ̀lú àtùpà sólà, kí iná ìjọba má baà máa dá wọn lágara.

Ooru oṣù kẹta lábẹ́ páànù náà ń sọ èèpo di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Àparò tó ń mí hẹlẹhẹlẹ ń tú èròjà tí èèpo nílò dànù nínú èémí, kì í sì í jẹun tó.

Ní ti tetracycline: kálísíọ̀mù máa ń so mọ́ ọn nínú ìfun, kì í jẹ́ kó ṣiṣẹ́ dáadáa. Ìyókù rẹ̀ á sì wà nínú ẹyin tí ẹ fẹ́ tà.

Èyí tó bá wú ìyẹ́, tó ń rọbí tí ẹyin kò jáde, ẹ gbé e sínú páálí tó ṣókùnkùn tó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ẹ fi òróró díẹ̀ ra ìdí rẹ̀. Ẹ má fọ́ ẹyin náà sínú rẹ̀, èèpo á gé e. Bí ìdí bá yọ síta, ẹ yà á sọ́tọ̀ kíákíá, àwọn yòókù á ṣá a pa, kí ẹ sì pe dókítà.

Olóko Gánmọ̀
Ẹ ṣé gan-an. Alhaja, ṣé mo lè kó àwọn ẹyin tó dára lára wọn sínú ẹ̀rọ ìpamọ (incubator)?

Alhaja Aláparò, Òmù-Àrán
Ẹ má tíì kó wọn. Ẹ dúró kí àwọn àparò náà pé ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, kí ẹyin wọn sì máa wọn gíráàmù 10 sókè. Ọmọ inú ẹyin kékeré máa ń kéré, wọn kì í sì í lágbára. Ẹ máa ta àwọn ẹyin náà fún jíjẹ títí dìgbà náà, àfi èyí tó rọ̀ tàbí tó ti là. Ìyẹn, ẹ dà á nù.