Ta ló kọ owó pọ́n-ùn sínú oríkì? Ìrírí wa lórí kíkó ìkànnì àtijọ́ lọ sórí WordPress

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ẹni tó bá fẹ́ kó ìkànnì ẹgbẹ́ ọmọ ìlú rẹ̀ lọ sórí WordPress, ìyẹn ètò tí èèyàn fi ń kọ nǹkan sórí ìkànnì láìmọ kóòdù, kó ka eléyìí kó tó fọwọ́ kan nǹkan kan.

FrontPage, ètò Microsoft tí wọ́n fi ń ṣe ìkànnì láyé àtijọ́, ni wọ́n fi ṣe tiwa. Ojúewé kọ̀ọ̀kan jẹ́ fáìlì HTML tirẹ̀, orúkọ àwọn olóyè ẹgbẹ́ sì wà lápá òsì gbogbo wọn. Bá a bá yan akọ̀wé tuntun, wọ́n gbọ́dọ̀ ṣí fáìlì wọ̀nyẹn lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó lè pààrọ̀ orúkọ. Bọ̀dá kan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n ṣe, bọ̀dá náà sì ti padà sílé n'Íléṣà. Èèyàn kú ní Peckham, Iléṣà la ó kọ́kọ́ pè ká tó lè kéde rẹ̀! Ohun tó jẹ́ kí ìpàdé ní ká kó o kúrò nìyẹn, kí àwọn ìyá ẹgbẹ́ náà lè máa kọ nǹkan síbẹ̀ fúnra wọn.

WordPress fúnra rẹ̀ ò le. Ó ti wà láti 2003, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń yáni láyè lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló sì máa ń bá ni gbé e kalẹ̀. Àwọ̀ tí ìkànnì máa ní ni gbogbo ìpàdé ń torí ẹ̀ jà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa jà o, ibi tíṣẹ́ wà kọ́ nìyẹn. Inú ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ kó ló wà.

A kó àwọn ojúewé àkọ́kọ́ wọlé tán ni bàbá kan nínú ẹgbẹ́ bá pè mí lórí fóònù. "Ìwọ ọmọ yìí, ta ló ní kẹ́ ẹ máa kọ owó pọ́n-ùn sínú oríkì?" Mo ṣí i wò. Ibi tó yẹ kí "ṣe" wà, "á¹£e" ló wà níbẹ̀. Gbogbo ẹ ti di "áº¹". Bàbá ò parọ́, pọ́n-ùn ló kún inú oríkì látòkè délẹ̀.

Báyìí ló ṣe ń ṣẹlẹ̀. Nínú UTF-8, ìyẹn ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ń gbà pa lẹ́tà gbogbo èdè mọ́, báìtì mẹ́ta ni wọ́n fi ń pa ṣ mọ́. Bí ibi tẹ́ ẹ kó o sí bá rò pé Windows-1252, ọ̀nà àtijọ́ kan, ni, yóò ka báìtì kọ̀ọ̀kan sí lẹ́tà kan, ẹ̀kẹta, tí nọ́ńbà rẹ̀ ń jẹ́ A3, sì ni àmì pọ́n-ùn. Ẹ má ṣe jókòó máa fọwọ́ tún un ṣe. Ẹ pa gbogbo ohun tẹ́ ẹ kó wọlé rẹ́, ẹ rí i pé utf8mb4 (orúkọ tí MySQL ń pe UTF-8 tó pé) ni database yín, ìyẹn ibi tí WordPress ń kó ọ̀rọ̀ pamọ́ sí, ẹ sọ fún ohun tẹ́ ẹ fi ń kó o pé UTF-8 ni fáìlì, kẹ́ ẹ wá tún un kó.

Àwọn ojúewé kan tún wà tí èyí ò ràn lọ́wọ́. Fóǹtì ayé àtijọ́ ni wọ́n fi tẹ̀ wọ́n, irú èyí tó máa ń fi àwòrán lẹ́tà "ẹ" wọ àmì mìíràn. Ẹni tí fóǹtì yẹn ò bá sí lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, wótòwótò ló máa rí. A ní láti mọ àmì tó dúró fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ká tó pààrọ̀ wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Orúkọ àwọn ọba ní tiẹ̀, fọ́tò ìwé ni, àfi ká tún un tẹ̀. Àǹtí kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ló bá wa tẹ̀ ẹ́, tàmì tohùn, kò gba kọ́bọ̀.

Ti àdírẹ́sì náà ṣe pàtàkì. Líǹkì "oriki.htm" ti wà káàkiri orí WhatsApp àti Google. Kí ẹni tó bá tẹ líǹkì àtijọ́ lè dé ibi tuntun, ẹ kọ ọ́ sínú .htaccess, fáìlì tí sáfà Apache máa ń ka àṣẹ nínú rẹ̀, báyìí: `Redirect 301 /oriki.htm /oriki/`. Ẹ má fi àmì ohùn sínú àdírẹ́sì tuntun, torí bí wọ́n bá ṣẹ̀dà rẹ̀, ó máa ń di % lóríṣiríṣi.

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn

Ẹ ṣeun, sà. Tiwa burú jùyẹn lọ: a ò tiẹ̀ rí fáìlì kankan kó. Ẹni tó ṣe ìkànnì ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde wa fi ímeèlì ara rẹ̀ gba orúkọ ìkànnì náà, a ò sì mọ ibi tó wọlé sí mọ́. Wayback Machine ti Internet Archive, tó máa ń tọ́jú ẹ̀dà ìkànnì àtijọ́, ló kó wa yọ. Ọ̀rọ̀ pé síbẹ̀ dáadáa, àmọ́ púpọ̀ nínú fọ́tò ò sí. Àwọn tó sì kù, "Seti.JPG" ni fáìlì ń jẹ́, "seti.jpg" ni ojúewé ń pè é. Windows ò ka lẹ́tà ńlá sí nǹkan kan, ṣùgbọ́n Linux, tó wà lórí ọ̀pọ̀ sáfà, máa ń kà á.

Olóko Kóòdù

Èmi ò fara mọ́ ọn. Ìkànnì tí wọn kì í kọ nǹkan tuntun sí lọ́dún, kí lẹ fẹ́ fi WordPress ṣe níbẹ̀? HTML lásán ò ní pásíwọọ̀dù tí olè máa jí. Èmi ti rí WordPress tí wọ́n pa tì láìtún plugin (àfikún) rẹ̀ ṣe, ìpolówó tẹ́tẹ́ ló kún un.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, Lọ́ńdọ̀nù

@Olóko Kóòdù, òótọ́ lẹ sọ fún irú ìkànnì bẹ́ẹ̀. Tiwa, ìkéde ń wọlé ṣáá ni. Plugin tí a ò lò, a ti yọ wọ́n kúrò, ẹ̀dà ìpamọ́ sì wà níta.

Ìyá Ìbejì, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ bóyá ẹnì kan ṣì ní fọ́tò wọ̀nyẹn nínú CD nílé. Ibẹ̀ la ti rí díẹ̀ nínú tiwa.