Iṣẹ́ abẹ tó ń yí ọ̀nà oúnjẹ padà: ohun tó yẹ kí ẹni tó fẹ́ ṣe é mọ̀

Gastric bypass ni mò ń sọ, iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ń ṣe fún ẹni tó sanra jù kó lè rù. Bẹ́ ẹ bá rò pé wọ́n ń gé àpòlúkù jù nù, wọn kì í gé e jù nù o. Wọ́n á ya àpò kékeré kan sọ́tọ̀ lókè rẹ̀, tí kò gbà ju nǹkan bíi 30 mílílítà lọ. Ìyókù ṣì wà níbẹ̀, ó ṣì ń ṣe omi ara rẹ̀, àmọ́ oúnjẹ ò gbabẹ̀ mọ́. Wọ́n á wá gé ìfun kékeré, wọ́n á fa apá ìsàlẹ̀ gòkè so mọ́ àpò tuntun. Apá tó ń gbé òróòro bọ̀, wọ́n á rán an mọ́ ìfun ní nǹkan bíi 100 sí 150 sẹ̀ǹtímítà sísàlẹ̀.

Oúnjẹ tí kò ní ṣúgà àti sítáàṣì púpọ̀ tí wọ́n ń ní kéèyàn jẹ ní bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú iṣẹ́ abẹ, nítorí ẹ̀dọ̀ ni. Ẹ̀dọ̀ tó kún fún ọ̀rá máa ń dùbúlẹ̀ sórí àpòlúkù gan-an. Tí kò bá sún kì, dókítà ò ní rí ọ̀nà.

*

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un. Ní àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, bí ọkàn bá ń sáré ju ìgbà 120 lọ ní ìṣẹ́jú kan, ẹ má ṣe dúró de ibà kẹ́ ẹ tó rí dókítà. Ibi ìsopọ̀ lè máa jò.

Àwọn oògùn ìrora bíi ibuprofen, diclofenac àti àwọn ẹbí wọn, ẹ gbàgbé wọn. Ibi ìsopọ̀ òkè, níbi tí ìfun ti pàdé àpò, ni wọ́n ti ń dá ọgbẹ́ sílẹ̀, sìgá náà sì ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìṣòro tí ṣúgà ń dá sílẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ, oríṣi méjì ni. Èyí tó bá dé láàárín ìṣẹ́jú 10 sí 30: ṣúgà ló rọ́ wọ ìfun, ìfun fa omi mọ́ra, àyà ń já, òógùn ń bò, inú ń ṣí. Èyí tó bá dé lẹ́yìn wákàtí kan sí mẹ́ta: insulin, èyí tó ń mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ló pọ̀ jù, ọwọ́ á máa gbọ̀n, ojú á ṣókùnkùn.

*

Èyí tí wọ́n máa ń fojú fò jù: ìfun tí wọ́n fà gòkè fi àlàfo sílẹ̀. Bí èèyàn ṣe ń rù, ọ̀rá tó dí àlàfo náà ń yọ́, ìfun mìíràn á sì yọ́ wọbẹ̀, á lọ́. Inú á máa lọ́ni lẹ́yìn oúnjẹ, á rọlẹ̀, á tún padà, nígbà mìíràn lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Kódà CT scan, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, lè má fi í hàn. Dókítà tó mọ iṣẹ́ yìí ni kó wò ó.

Ẹni tó bá ń bì léraléra, kí wọ́n fún un ní fítámì B1 kí dríìpù oní-ṣúgà tó wọ ara rẹ̀. Ṣúgà ń jẹ ìwọ̀nba B1 tó kù tán, ọpọlọ ló sì ń jìyà rẹ̀: èèyàn á máa rí nǹkan ní méjì-méjì, ẹsẹ̀ ò ní gún mọ́. Bí èébì bá bẹ̀rẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ó lè jẹ́ pé ibi ìsopọ̀ ti há. Bàlúùnù kékeré ni wọ́n fi ń fẹ̀ ẹ́ láti ọ̀nà ọ̀fun.

*

Ní ti oògùn calcium, èyí tó wà fún egungun, calcium citrate ni kẹ́ ẹ lò, kì í ṣe calcium carbonate, torí ásíìdì ò tó mọ́ nínú àpò kékeré yẹn. 1,200 sí 1,500 mílígíráàmù lójúmọ́, kó má ju 600 lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fi wákàtí méjì sáàárín òun àti oògùn iron, torí calcium ń dí iron lọ́nà. Oògùn tí wọ́n ṣe kó máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ lè gba inú kọjá láìṣiṣẹ́. Ẹ bi dókítà bóyá èyí tó ń yọ́ kíá wà.